Ilé Tí Kò Kẹ̀yìn sí Ìlú

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ìgànná

 

Lẹ́tà tí ẹ̀yin ará Ìgànná fi pè mí ní kí n wá bá yín ya àwòrán "ilé ọmọ òrukàn" fún àwọn ọmọ tí oògùn olóró ti sọ òbí wọn di ẹdun arinlẹ̀. Mo kà á tán, ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun. Ọmọ òrukàn ni ẹni tí òbí rẹ̀ ti kú. Òbí àwọn ọmọ tí à ń wí yìí wà láàyè. Bàbá wà ní gáréèjì, ó ń tòògbé lórí ọ̀kadà ní ọ̀sán gangan. Ìyá wà lẹ́yìn ọjà nídìí párágà. Ọmọ mọ ibẹ̀. Bí ẹ bá rán an, kò ní ṣìnà. Bí a bá wá kọ́lé fún un gẹ́gẹ́ bí òrukàn, àwa la pa òbí rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo bá òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan lọ sí ilé kan ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú Òkè-Ògùn wa yìí. N ò ní dárúkọ ìlú náà. Bàbá ilé nà gbalaja sórí ẹní, ó ti gbé tramadol lé ọtí. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méje, kúnlẹ̀ kí wa, ó sì padà sídìí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ti bàbá rẹ̀ léjìká títí ó fi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ká ìró kan jọ, ó fi ti ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà yí padà. A bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ó ní, "Bí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èébì á há wọn lọ́fun." Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jókòó sórí garawa kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kò sì fẹ́ dìde fún àlejò. Abẹ́ garawa yẹn ni wọ́n ń fi owó gàrí pamọ́ sí.

Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ní kí àwọn méjèèjì múra, pé ibi tó dáa ni òun ń mú wọn lọ. Ọmọbìnrin náà kò sunkún. Ó kàn bi wá pé, "Ta ni á máa yí wọn padà lóru?"

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mo ń ṣe, òun náà ni mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Ẹni tó ń kọ́lé máa ń bi mí pé bíríkì mélòó ni, páànù mélòó ni, mo sì máa ń dáhùn. Ìbéèrè ọmọ yẹn ni mo ti ń gbé káàkiri látìgbà náà, òun ni mo sì gbé wá síwájú yín lónìí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilé kan tàbí méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ọdún 2017 sọ pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà lọ́dún náà, láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 64. Ìyẹn jẹ́ 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù tiwa níbí, ó di 22.4. Bí ẹ bá ka ènìyàn márùn-ún lórí àga yìí, ẹ ti kan ọ̀kan. Ẹnì kan nínú mẹ́jọ ló tún sọ fún wọn pé oògùn tí ẹlòmíràn ń lò ti kó ìyà jẹ òun.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìgànná mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ jù mí lọ. Ẹni tó ń kọ ebè iṣu lábẹ́ oòrùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ń gbé tramadol mì kí ẹ̀yìn má baà ro ó. Ọlọ́kadà ń gbé e mì kí oorun má baà kùn ún. Iṣẹ́ ló gbé e dé ẹnu ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe fàájì. Ìjọba fòfin de oògùn ikọ́ tó ní codeine ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọjà náà kàn ṣí lọ sórí nǹkan mìíràn ni. Nítorí náà, bí a bá ń pe àwọn òbí yìí ní ìpáǹle, kí a rántí pé òmíràn nínú wọn, àwa la gbà á síṣẹ́ oko lọ́dún ìjẹta.

Mo ti wọ ilé ọmọ kan rí, lẹ́yìn ìlú ńlá kan, tí wọ́n ní kí n wá fojú iṣẹ́ wò. Ògiri rẹ̀ ga jù mí lọ, àfọ́kù ìgò sì gún ṣóṣóró lórí rẹ̀. Kí n tó wọlé, wọ́n ti to àwọn ọmọ sórí ìlà, wọ́n ń kọrin àlejò. Ogójì bẹ́ẹ̀dì ló wà nínú gbọ̀ngàn kan. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi pín wọn, nítorí náà ẹ̀gbọ́n wà lápá ìhín, àbúrò wà lọ́hùn-ún, ibi oúnjẹ ni wọ́n ti ń ríra. Ilé náà mọ́ tónítóní, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ọ̀gá ibẹ̀ fi àfọ́kù ìgò náà hàn mí tayọ̀tayọ̀, ó ní olè kankan ò lè wọlé. Mo wò ó títí. Ìyá ọmọ pẹ̀lú ò lè wọlé.

Àwọn onímọ̀ ti wo irú ilé bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ní Bucharest, olú ìlú Ròmáníà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 2000 lórí ọmọ 136 tó wà ní ilé ọmọ ti ìjọba. Wọ́n kó ìdajì wọn fún alágbàtọ́, ìdajì kejì wà níbi tó wà. Àwọn tó dé ọwọ́ alágbàtọ́ ni ọpọlọ wọn jí jù, pàápàá àwọn tí wọ́n tètè gbé kúrò.

Nínú iṣẹ́ tiwa, ìtàn ọkùnrin ilẹ̀ Nẹ́dálándì kan wà tí mo fẹ́ràn. Aldo van Eyck kọ́ ilé ọmọ òrukàn kan sí Amsterdam, ó parí rẹ̀ ní 1960. Kò sí ọmọ iléèwé wa tí kò tíì ya á: òrùlé kéékèèké roboto bí ìkòkò tí wọ́n dojú dé, àgbàlá nínú àgbàlá. Ẹwà rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n etí ìlú ló wà, àwọn ọmọ sì ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ọ́fíìsì ni wọ́n fi í ṣe báyìí. Lẹ́yìn èyí ni ọkùnrin kan náà kọ́ Hubertushuis fún àwọn ìyá anìkàntọ́mọ àti àwọn ọmọ wọn. Àárín ìgboro ló kọ́ èyí sí, ó tò ó mọ́ àwọn ilé àtijọ́ ní ojú pópó, ó kùn ún bí òṣùmàrè, ó sì fi gíláàsì sí ojúde rẹ̀. Mo gbàgbọ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣàtúnṣe ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí la ń wá dé Amsterdam, nígbà tí Abẹ́òkúta wà nítòsí? Ní 1954, Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Aró. Ilé tí ìjọba ń kọ́ fún un kò tíì parí. Ẹlòmíràn ì bá jókòó de kọngílá. Lambo lọ bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó yí Aró ká, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn kan kò gbọ́dọ̀ dá wá: ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí àbúrò ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa dáná fún un, kó máa fọ aṣọ rẹ̀, kó mú un lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀, kó sì mú un bọ̀ lọ́sàn-án. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbé e a bá onílé lọ sóko.

Àwọn tó ń sọ ìtàn Aró máa ń dúró síbẹ̀. Ohun tó wù mí jù ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ilé ìwòsàn yá àwọn ará abúlé lówó kí wọ́n fi fẹ ilé wọn. Ó bá wọn fa omi ẹ̀rọ, ó bá wọn gbẹ́ ṣáláńgá, ó sì rán àwọn òṣìṣẹ́ wá pa ẹ̀fọn. Abúlé tó gba wèrè mọ́ra gba omi pẹ̀lú. Ìyá tó ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn kò lè sọ pé kí wọ́n kó àwọn aláìsàn kúrò lójú òun. Ìlú Geel ní Bẹ́ljíọ̀mù ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sílé láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọgbọ́n omi yìí ni Lambo fi sún ọ̀rọ̀ náà síwájú.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé e wá sí Ìgànná. Mi ò fẹ́ ilẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ẹ fi lọ̀ mí lójú ọ̀nà oko, ẹ ṣeun. Ibi tí ọmọ á ti máa gbọ́ ariwo ọjà ni mo fẹ́, tí á fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé kan náà tí ọmọ yín ń lọ, pẹ̀lú yúnifọ́ọ̀mù kan náà. Mi ò ya ògiri gíga síbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ni mo kọjú rẹ̀ sí òpópónà, bí ti ilé baálé àtijọ́, tí àgbà lè jókòó sí, tí aláàárù lè sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Ẹ̀rọ omi wà níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe nínú. Ẹ kúkú mọ ẹni tí mo jí ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni agbo ilé gan-an wà: ilé kéékèèké mẹ́rin tó yí àgbàlá kan ká, ọmọ mẹ́fà mẹ́fà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyá ilé kan pẹ̀lú wọn. Ọmọ ìyá kan náà ò gbọ́dọ̀ sùn sábẹ́ òrùlé méjì. Àwọn SOS, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ abúlé fún àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́, ti ń lo ìyá ilé láti 1949, nígbà tí Hermann Gmeiner dá tiwọn sílẹ̀ ní Austria, wọ́n sì ní irú rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ l'Ékòó.

Yangí ni kí a fi mọ ọ́n. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Páànù tí ẹ kàn mọ́ orí bíríkì sìmẹ́ǹtì, ẹ mọ bí ó ṣe ń ṣe ní oṣù kẹta. Ní Gando, abúlé kan ní Burkina Faso tí ọ̀dàn rẹ̀ jọ ọ̀dàn wa, Francis Kéré kọ́ iléèwé kan tó parí ní 2001. Amọ̀ tó fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ pò ló fi mọ ògiri, ó sì gbé páànù sókè kúrò lórí àjà kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn kọjá. Ará abúlé ló ru òkúta, àwọn obìnrin ló lu ilẹ̀ títí ó fi dán. Kéré gba ẹ̀bùn Pritzker fún iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní 2022, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ní Ìbàdàn, Demas Nwoko ti fi yangí àti sìmẹ́ǹtì kọ́lé fún àwọn fadá Dominican ṣáájú ìyẹn. Ẹni tó bá bá wa po amọ̀ ilé yìí kò ní gbà kí wọ́n sọ òkò lù ú.

Yàrá kan ló kù, òun ló sì máa dá ìjà sílẹ̀. Láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá, mo ya yàrá òbí. Bàbá tàbí ìyá tó bá wá lè jókòó níbẹ̀, kó jẹun pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, kó sùn mọ́jú. Ilẹ̀kùn méjì ló ní. Ti ìta, òbí ló ń ṣí i. Ti àgbàlá, ìyá ilé nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ohun tí òbí bá gbé wá nínú àpò, ọ̀dọ̀ ọdẹ alẹ́ tó ń ṣọ́ ilé ni yóò kù sí.

Mo gbọ́ ohun tí ìyá kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ wí i sókè, mà. Ẹ ní bàbá mìíràn á wá lu ọmọ. Òótọ́ ni. Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n mọ ibi tí ọmọ wọn sùn sí, èyí ló sì jẹ́ kí n fi ilẹ̀kùn sẹ́yìn àgbàlá, èyí tó já sí ilé ìwòsàn kékeré, kí ọmọ lè gba ibẹ̀ jáde. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe ní 2006 sì fún kóòtù lágbára láti gba ọmọ lọ́wọ́ irú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn kọ́ ló pọ̀ jù. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà ní 2009 sọ pé mímú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí ni ohun ìkẹyìn tó yẹ ká ṣe, kó má sì pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Òbí tó bá ń jókòó nínú yàrá yẹn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni nọ́ọ̀sì lè bá sọ̀rọ̀, òun ni ẹ lè mú lọ sí Aró, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Ẹni tí ẹ bá lé sí gáréèjì, ta ni yóò wá a rí?

Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa pé àwọn baba wa ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Àgbàtọ́ ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe oyin nìkan. Ọmọ mìíràn ni wọ́n gbà tọ́ tó di ọmọ ọ̀dọ̀, tó ń kiri ọjà nígbà tí ọmọ onílé ń kàwé. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ìyá àgbà láti agbo ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan máa wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn láàárọ̀, kó ki ọmọ ní oríkì orílẹ̀ rẹ̀, kó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni nà án. Lọ́jọ́ Iléyá àti lọ́jọ́ Kérésì, kí wọ́n wá mú un lọ sílé.

Ní ti ìbéèrè ọmọ ọdún méje yẹn: bẹ́ẹ̀dì ọdẹ alẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì inú yàrá òbí. Ọdẹ náà ni yóò máa yí wọn padà. Mo sì ya fèrèsé kékeré kan sí ara ilé àwọn ọmọ, ní ìsàlẹ̀, níbi tí ojú ẹni tó dùbúlẹ̀ lè dé. Bí ọmọ bá ta jí lóru, á rí i pé iná yàrá òbí ṣì ń tàn, pé àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, á sì lè sùn padà.

Àwòrán náà ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́hùn-ún yẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rọ̀ mọ́ ojú fèrèsé nítorí pé àga ò kárí, ẹ wọlé wá wò ó. Mo ti fi pẹ́ńsù sílẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí ẹ bá rí i pé mo ṣì í, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ ya tiyín sí i.