Ikọ́ Ẹnu Kábúrétọ̀



Ìwádìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí: báwo ni a ṣe ń tọpa àrùn dé orísun rẹ̀? Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni MGB, ọkọ̀ kékeré asárétete tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ìlú Abingdon láti ọdún 1962 títí di 1980. Wọn kò ṣe é mọ́, ṣùgbọ́n àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ṣì ń wà á. Sìlíńdà mẹ́rin ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní. Kábúrétọ̀ SU méjì ló sì ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà mìíràn, kábúrétọ̀ yìí a máa húkọ́: gbàù! Iná a sì yọ lẹ́nu rẹ̀.

Kí ló fà á? Fáàfù ni ilẹ̀kùn sìlíńdà. Ó yẹ kí ilẹ̀kùn àbáwọlé ti tì kí púlọ́ọ̀gì tó ṣáná, kí iná sì ti kú kí ilẹ̀kùn náà tó tún ṣí. Bí iná bá bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ẹnu kábúrétọ̀ ni yóò gbà jáde. Èyí yàtọ̀ sí ìró tí ń jáde ní ìdí sàlẹ́ńsà. Epo tí kò jó tán tó lọ gbiná nínú páìpù èéfín ló ń fa ìyẹn.

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá gbọ́ ìró náà, kábúrétọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú palẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa lápálápá. Ẹnu ni ikọ́ ń gbà jáde, ṣùgbọ́n àyà ni àrùn rẹ̀ sábà máa ń wà.

Iná ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. 1, 3, 4, 2 ni àwọn sìlíńdà ń tẹ̀ lé ara wọn, lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí a bá gbé wáyà púlọ́ọ̀gì méjì fún ara wọn, ọ̀kan lè ṣáná nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Bí púlọ́ọ̀gì bá sì ń pẹ́ ṣáná, iná kò ní í kú lásìkò.

Fáàfù ló kàn. Bí àlàfo tápẹ́ẹ̀tì kò bá tó, ilẹ̀kùn kò ní í tì dáadáa.

Lẹ́yìn èyí, kí a wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé: gáskẹ́ẹ̀tì tó ti jẹ, tàbí rọ́bà tó ti là. Àdàlù tí epo kò tó nínú rẹ̀ a máa jó lọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni iná rẹ̀ a máa pẹ́ kú.

Ìgbà yìí ni ó tó kan kábúrétọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí awakọ̀ tẹ epo lójijì nìkan ló ń húkọ́, kí a ṣí ìdérí orí rẹ̀, kí a wo epo ẹ́ńjìnì tó wà níbẹ̀. Epo yìí ni kì í jẹ́ kí písítọ̀n kábúrétọ̀ yára fò sókè jù; bó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ a ya wọlé ju epo lọ. Ẹlòmíràn a ra kábúrétọ̀ tuntun, nígbà tó jẹ́ pé epo díẹ̀ ni ìwòsàn.

Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, kí a gbé písítọ̀n náà sókè ní ìwọ̀n 0.8 mílímítà. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, epo kò tó. Bó bá ń sáré sí i tí kò dẹwọ́, epo ti pọ̀ jù. Bó bá yára díẹ̀ tó sì padà sípò, ó ṣe déédéé.

Ẹ̀mí wà nínú iṣẹ́ yìí o. Kí ẹnikẹ́ni má gbójú lé ẹnu kábúrétọ̀, kí ó má sì bu bẹntiróò sí i nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Ìta gbangba ni kí a ti ṣe é, kí ohun ìpaná wà nítòsí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá yí mẹ́ta pọ̀, a kò ní í mọ èyí tó ṣe ìwòsàn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ǹjẹ́ a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìfarabalẹ̀ yìí, àbí orúkọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ nìkan ni à ń kọ́ wọn? Ìbéèrè tó wà fún ìjíròrò nìyẹn.