Iná dáṣíbọ́ọ̀dù kú: kí ni fóònù lè bá wa ṣe?

Ẹ̀yin awakọ̀ wa ní Pobè, ní Sakété, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọ̀nà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akérò àtijọ́ ni mo gbé wá lónìí, àwọn tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù wọn ti kú. Ilẹ̀ á ṣú, awakọ̀ ò ní rí iye epo tó kù, kò ní mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnì ti ń gbóná jù, bẹ́ẹ̀ èrò kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa á wá mú fóònù jáde, a ó máa wá áàpù tó máa yẹ ọkọ̀ wò. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀ ná.

Àwọn áàpù yẹn kì í ṣàdéédéé bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ihò kan ló máa ń wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá ibi ẹsẹ̀ awakọ̀, tí wọ́n ń pè ní OBD. Inú ihò yìí lèèyàn ń ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ̀, irú ELM327, tí ẹ̀rọ náà á sì fi Bluetooth gbé ọ̀rọ̀ wá sórí fóònù. Ní Amẹ́ríkà, láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan. Ní Yúróòpù, 2001 ni fún ọkọ̀ kéékèèké tó ń jẹ pẹtiróòlù, àwọn tó ń jẹ dísù tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Peugeot J5 ńkọ́, tí wọ́n ṣe láti 1981 títí dé 1994? Kò ní ihò yẹn rárá. Áàpù tó bá sọ pé òun á ka àìsàn J5 láti inú afẹ́fẹ́, irọ́ ló ń pa, ohun mìíràn ló ń wá lára fóònù yín. Kódà nínú ọkọ̀ tó ní ihò, gílóòbù tó jó lẹ́yìn gééjì kì í sábà wà lára ohun tí áàpù ń sọ.

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ lò. Ẹ yí i kí iná wọlé, ẹ má tíì sítáàtì. Iná pupa ti ọ́ìlì àti ti bátìrì gbọ́dọ̀ tàn. Bí wọn ò bá tàn, ẹ má ṣe rò pé àlàáfíà ni. Gílóòbù ọ́ìlì tó ti kú kò ní lè kìlọ̀ fún yín lọ́jọ́ tí ọ́ìlì bá gbẹ, ẹ́ńjìnì á sì lọ. Ti bátìrì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, iná díẹ̀ tó ń gba inú gílóòbù yẹn kọjá ló ń jí ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná, kó tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí gílóòbù bá jó, bátìrì lè má gba iná mọ́. Awakọ̀ á ra bátìrì tuntun, bátìrì náà á kú. Á tún ra òmíràn, òun náà á kú, nígbà tó jẹ́ pé gílóòbù tówó rẹ̀ ò tó nǹkan ló ń fà á. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ fi LED rọ́pò rẹ̀ láìbi rìwáyà tó mọṣẹ́ léèrè: iná tí LED ń jẹ́ kó kọjá lè kéré jù láti jí ọ́tánétọ̀.

Bí iná kan ṣoṣo bá kú, gílóòbù rẹ̀ la ó kọ́kọ́ fura sí. Bí gbogbo èyí tó ń tan gééjì lálẹ́ bá kú pọ̀, ẹ wo fíúsì, ẹ wo ohun tí a ń yí láti dín ìmọ́lẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù kù, ẹ sì wo ibi tí wáyà ti so mọ́ irin ara ọkọ̀, torí ìpẹtà fẹ́ràn ibẹ̀. Bí gééjì epo àti ti ooru bá ń ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má tíì tú táńkì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù àtijọ́, nǹkan kékeré kan wà lẹ́yìn gééjì tó ń fún méjèèjì ní iná tó dọ́gba, òun ló máa ń bàjẹ́. Ẹ̀yìn gééjì kan náà ni ẹ ó ti rí ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ ọ̀nà iná sí lára. Ooru àti ọjọ́ orí ń sán an. Ẹ má fi ipá fà á, torí bó bá ya, àtirí òmíràn fún ọkọ̀ tó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ á nira.

Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tú dáṣíbọ́ọ̀dù gan-an ni fóònù wúlò. Ẹ yọ orí bátìrì kúrò. Bí kẹ́ẹ̀gì kpayo (epo fàyàwọ́) bá wà nínú ọkọ̀, ẹ gbé e jìnnà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí ṣeré, lágbègbè ààlà wa yìí tí epo ti ń gba inú ọkọ̀ akérò kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò gbogbo wáyà kí ẹ tó tú wọn, láti òkèèrè àti nítòsí, kí àwọ̀ wọn hàn. Ọmọ iṣẹ́ tó ya fọ́tò kì í so wáyà síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá ń wá àwòrán ọ̀nà iná lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ ọ́ lédè Faransé, "schéma électrique", kí ẹ fi orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ kún un. Fáìlì PDF tàbí àwòrán lásán ló yẹ kí ẹ rí. Ojú ewé tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ fi áàpù sórí fóònù kí ẹ tó rí àwòrán, ẹ jáde níbẹ̀.

Bí ẹ bá nílò ìmọ́lẹ̀ láti fi wo ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, tọ́ọ̀ṣì tó bá fóònù wá ti tó. Ní 2013, àjọ Federal Trade Commission ti Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan ẹni tó ṣe áàpù tọ́ọ̀ṣì kan, Brightest Flashlight, tí àìmọye mílíọ̀nù èèyàn ti gbà sórí fóònù wọn. Ìmọ́lẹ̀ lásán ni wọ́n ń wá, àṣé áàpù náà ń fi ibi tí wọ́n wà ránṣẹ́ sáwọn onípolówó.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda tí a ń fún áàpù lórí fóònù nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín dáadáa, torí àwọn kan máa ń bẹ̀rù ohun tí kò yẹ ní bíbẹ̀rù. Bí ọkọ̀ yín bá ní OBD, tí áàpù rẹ̀ bèèrè ibi tí ẹ wà lórí Android àtijọ́, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di olè: láti Android 6 títí dé 11, fóònù kì í wá ẹ̀rọ Bluetooth láìsí ìyọ̀ǹda yẹn. Ṣùgbọ́n kí ni áàpù ọkọ̀ ń wá nínú SMS yín? Kí ló ń wá nínú orúkọ àwọn èèyàn yín? Bó bá sì wá bèèrè ohun tí fóònù elédè Faransé ń pè ní Accessibilité, ẹ yọ ọ́ dànù lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá gba ìyẹn lè máa ka ohun tó wà lójú fóònù yín, kó sì máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ẹ̀yin ni. Ibi tí owó MoMo (owó orí fóònù) ti ń lọ nìyẹn. Fáìlì APK, ìyẹn fáìlì tí a fi ń gbé áàpù sórí fóònù, tí ẹnì kan jù sínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn awakọ̀, ẹ má ṣí i, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ ló fi ránṣẹ́. Wọ́n lè ti gba fóònù tirẹ̀ náà.

Bí ẹ bá ń fi fọ́tò wá dáṣíbọ́ọ̀dù àlòkù, dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan ni kí ẹ yà. Kò sí ẹni tó nílò carte grise (ìwé ọkọ̀) yín láti ta gééjì. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fídíò ọjà náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó kọ orúkọ yín sórí bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ń yẹra, ẹ má san kọ́bọ̀. Bákan náà, ẹni tó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí yín kò nílò kóòdù àṣírí yín. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, ó fẹ́ gba owó ni.

Bí owó bá ti lọ, ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ni láìnì yín lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè gbìyànjú láti dá owó náà dúró. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp náà rẹ́, bó ti wù kí inú bí yín tó. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù, nọ́ńbà àti àkókò ìsanwó, kí ẹ gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Benin ní òfin lórí èyí, Code du numérique, láti oṣù kẹrin ọdún 2018, ilé iṣẹ́ CNIN (Centre National d'Investigations Numériques) ló sì ń wádìí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀.