Ohun Tí Í Sọ Irin Líle Di Ẹlẹgẹ́

Láti ọdún 1926 tí èbúté Àpápá ti ń gba ọkọ̀ òkun, irin ni ó ń gbé ẹrù níbẹ̀: kéréènì, ìkọ́ àti ẹ̀wọ̀n. Bí irin bá bàjẹ́, àwọn jórinjórin kò jìnnà ní Ajégúnlẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí tolówó tòṣìṣẹ́ mọ̀ pé irin a máa ṣàìsàn tí ojú kò rí.

Irin tí ara rẹ̀ dá a máa tẹ̀ kí ó tó kán. Títẹ̀ náà ni ìkìlọ̀. Irin tí ó ti di ẹlẹgẹ́ kì í kìlọ̀. A kán lójijì bí igi gbígbẹ.

Ohun kìíní tí í fà á ni háídrójìn, tí ó wà nínú omi àti nínú ásíìdì. Ní ọdún 1875, W. H. Johnson ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé irin tí a rì sínú ásíìdì a máa kán bí a bá tẹ̀ ẹ́. Bákan náà, bí ọ̀pá ìjórin bá fa ọ̀rinrin, iná yóò tú omi náà ká, háídrójìn yóò sì wọ inú irin. Ojú ibi tí a jó lè dán lónìí, kí ó sì sán ní ọ̀la tàbí ọ̀tunla. Bí irin bá ti le tó ni ewu náà ń pọ̀ tó.

Ohun kejì ni ooru. Bí irin tí a pò mọ́ nikẹ́lì tàbí kírómíọ̀mù bá pẹ́ nínú ooru ìwọ̀n 375 sí 575 ti Celsius, èérí bíi fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì yóò kóra jọ sí àárín àwọn hóró irin, ìdìmọ́ wọn yóò sì dẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, irú irin ẹlẹgẹ́ bẹ́ẹ̀ fọ́ nínú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ iná Hinkley Point ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí ó ti sán díẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdènà rẹ̀ wà. Kí jórinjórin tọ́jú ọ̀pá rẹ̀ sínú ààrò gbígbóná, kí ó nu epo àti ìpẹtà kúrò, kí ó sì yá irin líle níná kí ó tó jó o. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Kí ó má ṣe da omi lé e. Kí wọ́n sì dúró fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó yẹ ojú rẹ̀ wò. Ní ti ìkọ́ àti ẹ̀wọ̀n tí ń gbé ẹrù sókè, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jó wọn lẹ́bàá ọ̀nà. Pípààrọ̀ ni ó tọ́ sí wọn. Owó ìkọ́ titun kò tó ẹ̀mí ẹni tí ó dúró lábẹ́ ẹrù.