Ariwo Ẹ́ńjìnnì Láàárọ̀ Ọyẹ́

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ máa ń sùn ní Zongo nílùú Niamey, ibi tí orúkọ rẹ̀ lédè Hausa jẹ́ ibùwọ̀ arìnrìn-àjò: ẹ mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, ọ̀sán ibẹ̀ a máa gbóná ju ìwọ̀n 30 lọ, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, yóò ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 16.

Bí ẹ bá ṣíná ọkọ̀ láàárọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń ró bí ẹni mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ níná. Ọ́ìlì ti ṣàn sísàlẹ̀ lóru, òtútù sì ti mú un ki. Bí ariwo náà bá dákẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2 tàbí 3, ọ́ìlì ti dé òkè nìyẹn. Síbẹ̀, bí ó bá di ojoojúmọ́, kí mẹkáníìkì wo ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì, ó lè ti dẹ̀. Èyí tí ó bá pẹ́ títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná kí ó tó lọ, ó lè jẹ́ písítìnì tí ó ti jẹ, tàbí ọrùn sàlẹ́ńsà tí ó ń jò.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ń kì gbọ̀ngbọ̀n láti ìsàlẹ̀, tí ó sì ń le sí i bí ọkọ̀ ṣe ń gbóná, tàbí tí iná ọ́ìlì kò kú, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀kì ni.

Ọlọ́kọ̀ lè ní kí ẹ máa wà á lọ. Ẹ kọ ọjọ́, irú ariwo náà àti ibi tí ọ́ìlì dé lára ọ̀pá ìwọ̀n sínú ìwé, kí ẹ fún un, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka yín. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sọ́nà Dosso, owó oṣù awakọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí.