Àgbájọ Ọwọ́ Lórí Abẹ́rẹ́ Àjẹsára

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni a bá wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni, nítorí ọmọ ni a ṣe ń tọ́jú owó.

Àrùn yírùnyírùn ni a fẹ́ sọ. Kòkòrò a máa wọ inú awọ tí ó bo ọpọlọ. Ara ọmọ á gbóná, kò ní mu ọmú, á máa bì, àwùjẹ rẹ̀ lè wú, gìrì sì lè mú un. Òmíràn á kú. Òmíràn á yè, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ á di. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ gbé ọmọ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró wá àgbo tàbí ìtọ̀ màlúù.

Ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò náà ni Hib. Ní ilẹ̀ Gáḿbíà, láàárín 1990 sí 1993, nínú 100,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ó ju 200 lọ tí Hib ń fi àrùn yìí bá jà lọ́dọọdún. Ní 1997, wọ́n fi abẹ́rẹ́ Hib kún àjẹsára ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ó di 2002, àwọn olùwádìí kò rí ẹyọ kan mọ́.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé abẹ́rẹ́ náà kì í fi gbogbo ìgbà wà nílẹ̀, síbẹ̀ àrùn náà lọ. Ìdí ni pé ọmọ tí ó gbà á kì í sábà gbé kòkòrò náà sí ọ̀fun kí ó fi ran ẹlòmíràn. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 12 nínú 100 ọmọ ọdún kan ni ó ń gbé e. Nígbà tí ó yá, ó di bí ọ̀kan nínú 400. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Abẹ́rẹ́ ọmọ tiyín ń ṣọ́ ìkókó aládùúgbò tí kò tíì tó gba tirẹ̀.

Láti 2012 ni abẹ́rẹ́ Hib ti wọ inú àjẹsára ní Nàìjíríà: ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. A mọ̀ pé ọjọ́ ọjà a máa bọ́ sí ọjọ́ abẹ́rẹ́, àwọn mìíràn a sì fi ẹ̀kẹta sílẹ̀. Ẹni tí ó bá dá èésú lẹ́ẹ̀mejì tí ó dáwọ́ dúró, ṣé ó lè kó o pé?

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa bèèrè káàdì àjẹsára ní ìpàdé oṣooṣù. Bí ìyá kan bá fẹ́ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, kí ẹnìkan bá a jókòó ti ọjà rẹ̀. A kò ní fi ọwọ́ wa sin ọmọ o.