Ìwé Ogún Ìyá Ọlọ́jà

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń tú ìdì aṣọ ní ọjà Dantokpa ní Cotonou, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ ìwé ogún, ẹ kú ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ìgbà wo lẹ yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn? Ìsọ̀ tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ ńkọ́, nígbà tí ìjọba ti ń kó àwọn alátapọ̀ kúrò létí ọ̀sà lọ sí ọjà Akassato? Ọmọ tẹ́ ẹ bí lẹ́yìn ìwé ńkọ́? Gbèsè tí oníbàárà Èkó jẹ yín, inú ìwé kékeré tẹ́ ẹ dì mọ́ ìró ló wà. Bí ọmọ ò bá mọ̀ ọ́n kà, owó wọmi nìyẹn.

Òfin ẹbí ilẹ̀ Benin tó jáde ní 2004 ti fún ọmọ obìnrin ní ogún dọ́gba pẹ̀lú ọmọ ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ìyàwó tí wọn ò so yìgì fún ní mairie, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú, òfin ò kà á sí opó. Èyí ń dùn mí gan-an, torí ọ̀pọ̀ ìyá wa ló kàn.

Nítorí náà, ẹ tún ìwé ogún yín kọ. Ọwọ́ ara yín ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ látòkèdélẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ fọwọ́ sí i. Tàbí kẹ́ ẹ lọ bá notaire, amòfin tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.