Agogo Ọwọ́ àti Ohùn Orin Òrìṣà: Ọ̀rọ̀ tí Mo Sọ ní Málété

Ohun tí wọ́n ní kí n bá yín sọ ni bí a ṣe lè to orin òrìṣà àti orin ìbílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kékeré tí ó ń lo agogo ọwọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń bi ara wọn léèrè pé: ṣé ìlù ti tán nílẹ̀ Yorùbá ni, tí a fi ń wá agogo kiri bí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì?

Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n agogo kì í ṣe àjèjì sí wa. Ààjà ti wà lọ́wọ́ olórìṣà kí alágogo kankan tó ti òkè òkun dé. Agogo onírin tí alágbẹ̀dẹ rọ ń bẹ, ṣaworo tí ó yí ìyáàlù ká ń bẹ. Ohun tí ó ti òde wá ni pé kí agogo kan ní ohùn kan ṣoṣo, kí àwọn ènìyàn sì pín orin láàárín ara wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní 1902, Margaret Shurcliff gbé e dé Boston ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ó sì di 1954, àwọn alágogo ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gbọ́ bàtá dáadáa mọ̀ pé ìyáàlù àti omele abo a máa pín ọ̀rọ̀ kan sọ láàárín ara wọn. Pípín ohùn kò ṣàjèjì sí etí wa.

Ibi tí ewu wà nìyí: ohùn èdè. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì yìí: orí, òrí. Orí ni a ń bọ. Òrí ni àwọn ìyá wa ń ṣe tà ní agbègbè yìí, tí a fi ń para. Bí mo bá ní agogo mẹ́ta, dò, re, mí, tí mo sì lu re kí n tó lu mí, orí ni etí yín gbọ́. Bí mo bá ti dò fò sí mí, òrí ni. Ẹ tún wo ọba: re, re. Ọbà: re, dò. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tú orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá kò yí ohùn orin náà padà, àwọn ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n yí. Níbi tí orin bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọba, ẹni tí ó rò pé òun ń kí Ọba Ọ̀run, Ọbà aya Ṣàngó ni ẹnu rẹ̀ ń pè. Mo ti rẹ́rìn-ín sí i rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn, nítorí àwa náà ń ṣe é báyìí. Àwọn Ìjọ Ọ̀rúnmìlà tí wọ́n dìde ní Èkó gba ìlànà orin ṣọ́ọ̀ṣì wọlé, àléébù rẹ̀ sì lè bá a wọlé.

Ẹ má bínú bí mo bá yin àwọn onígbàgbọ́ níhìn-ín, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ìṣòro náà sílẹ̀. J. J. Ransome-Kuti fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin, ó sì gbà á sí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Fela Sowande, ọmọ Abẹ́òkúta, mú orin ilẹ̀ wa wọ inú dùùrù ńlá, ó sì tún yíjú sí Ifá, ó kọ̀wé lé e lórí.

Nísinsìnyí, bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ orin náà láìkọ ọ́, kí ẹ fi ọwọ́ fa ìlà bí ohùn ti ń gòkè tí ó ń sọ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ kọ ọ́ lórin, kí ẹ sì wò ó bóyá ìlà méjèèjì bára mu. Kì í ṣe pé ohùn òkè gbọ́dọ̀ bọ́ sórí agogo kan náà nígbà gbogbo. A máa ń rẹ̀lẹ̀ sí i bí gbólóhùn bá ti ń gùn. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ọ̀rọ̀ máa gòkè kí agogo máa sọ̀. Agogo márùn-ún, dò, re, mí, sò, là, tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin wa. Ènìyàn mẹ́fà ni mo máa ń lò: márùn-ún mú agogo orin, ẹnì kẹfà mú agogo onírin, ó ń lu kọ́ńkọ́ló, ìṣísẹ̀ méjìlá tí a lù ní ẹ̀ẹ̀méje. Ẹni yẹn ni kí ó dàgbà jù nínú yín, nítorí bí ó bá ṣìnà, gbogbo ilé dàrú.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ohùn pọ̀, ẹ má ṣe to ohùn mẹ́rin bí ti akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ọ̀kan ń gòkè tí èkejì ń sọ̀. Ohùn kejì náà ń sọ Yorùbá, ó sì lè sọ ọ̀rọ̀ òdì. Ẹ ṣe bí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti ń kọrin, kí ohùn kejì máa bá ti àkọ́kọ́ rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kí agogo kan dá lílé, kí àwọn yòókù gbè é. Kí ẹ sì fi agogo kan àyà pa ohùn rẹ̀ kí òmíràn tó dún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn ìsàlẹ̀ á bo ohùn òkè mọ́lẹ̀. Agogo kò lè fa ohùn bí gángan tí a fún lábíyá. Níbi tí orin bá ti gbára lé ìfà yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún gángan.

Orin kan wà tí kò sí nínú ohun tí mò ń sọ yìí rárá. Orin inú igbódù, orin Orò, kò sí ẹni tí yóò tò ó fún agogo kankan, kò sì sí ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ lórí fóònù. Èyí tí a ń kọ lójú agbo, ní ọjọ́ ọdún, níbi ìsọmọlórúkọ, ni tiwa láti fi ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé agogo yìí dára nítorí kì í pariwo, pé ní agbègbè Ìlọrin ó yẹ kí a fi pẹ̀lẹ́ ṣe é. N kò gbà. Bí a bá fi agogo pa bàtá mọ́, ó sàn kí a má rà á. Ọmọ mẹ́fà tí kò rí bàtá kọ́ ni mo ní lọ́kàn, tí ìlú wọn kò ní àyàn mọ́, tí wọ́n sì fẹ́ máa kọ orin ìyá wọn kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ má baà sọnù. Lọ́dọ̀ wa, alágbẹ̀dẹ ni ó rọ agogo márààrún. Kékeré ni ohùn rẹ̀ ga jù, ńlá ni ó rẹ̀lẹ̀ jù, a sì jókòó tì í títí ohùn fi bára mu. Ẹ mú ọ̀rọ̀ orin kan láti ìlú yín wá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a ó jọ fa ìlà rẹ̀.